Lẹ́tà ṣíṣí sí oníwàásù tó ní òrìṣà ló sọ Íńdíà di òtòṣì

Bàbá wa nínú Olúwa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú làálàá iṣẹ́ Olúwa. N kò dárúkọ yín sínú lẹ́tà yìí, torí pé ẹ pọ̀ tí ẹ ń wàásù báyìí lórí rédíò àti lórí fóònù wa, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo wá fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ óò dá ara yín mọ̀. Ẹ ní ká wo Íńdíà, pé orílẹ̀-èdè tó bá ń forí balẹ̀ fún ère àti màlúù, ìṣẹ́ ni yóò máa bá wọn gbélé, àti pé ohun kan náà ló dá ilẹ̀ baba tiwa náà dúró.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo bi wọ́n nínú ìdánwò pé kí ló fà á tí ọrọ̀ ajé Íńdíà fi falẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn òmìnira wọn. Àwọn kan kọ “ìbọ̀rìṣà” sílẹ̀, wọ́n tún fàlà sí i nídìí. Wọ́n ní inú ìwàásù yín làwọn ti gbọ́ ọ. N kò fún wọn ní máàkì. Bí mo bá sì fún ọmọ ní òdo lórí ọ̀rọ̀ tí àgbà fi kọ́ ọ, ó yẹ kí n wá rojọ́ fún àgbà náà.

Ọmọ ìjọ lèmi náà, n kò wá gbèjà Vishnu tàbí Shiva, àwọn òrìṣà wọn. Ká sì sòótọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ ọ́ ṣáájú yín. Ní nǹkan bí ọdún 1916, Max Weber ará Jámánì kọ ọ́ pé irú òwò ńlá tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù kò lè hù jáde láti inú ẹ̀sìn Híńdù. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá gbà pé ohun tí òun ṣe ní ayé tí òun kọ́kọ́ wá ló gbé òun sí ipò tí òun wà, tó sì gbà pé bí òun bá ṣe iṣẹ́ ìran òun láìyẹsẹ̀, àtúnwá òun yóò dára ju èyí lọ, kí ni yóò mú un dán ohun tuntun wò? Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Weber kò fẹsẹ̀ kan tẹ Íńdíà rí, ìwé ló kà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Raj Krishna, ọmọ Íńdíà gan-an, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Delhi. Ní nǹkan bí ọdún 1978, ó fi ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó pè é ní ìdàgbàsókè ti Híńdù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí di nǹkan bí ọdún 1980, ọrọ̀ ajé wọn ń fi nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dún. Ẹ yọ bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ogun jà, ìjọba yí, nọ́ńbà náà kò kúrò lójú kan. Ẹ̀fẹ̀ ni Krishna ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà di orúkọ, orúkọ náà sì di ẹ̀sùn. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ bú ìjọba kan níbẹ̀ pé ó lọ́ra, ọ̀rọ̀ Krishna ni wọ́n máa ń yọ jáde.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlọ́ra náà ṣe rí nínú ilé ẹnì kan. Ní àwọn ọdún 1970, bí baálé ilé kan ní Íńdíà bá fẹ́ ra alùpùpù Bajaj Chetak, irú èyí tí àwa ń pè ní fẹ́sípà, yóò san owó sílẹ̀, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò sì padà lọ sílé lọ máa retí. Ó lè retí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé lè tà á lọ́jọ́ náà gan-an kó sì jèrè, torí pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò lè ní sùúrù mọ́. Tẹlifóònù ilé náà rí bẹ́ẹ̀, ọdún lọ ọdún bọ̀ kí wọ́n tó fà á wọlé. Owó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ilé iṣẹ́ tó lè ṣe fẹ́sípà náà wà, ó sì ń fẹ́ ṣe sí i. Kí ló wá dí i lọ́wọ́?

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1951 ni. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, tó fẹ́ mú un gbòòrò, tó fẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn tàbí tó fẹ́ ṣe ọjà tí kò ṣe rí, ó di dandan kó lọ gba láísẹ́ǹsì ní Delhi. Bí láísẹ́ǹsì bá ní ẹgbẹ̀rún kan ni kí ẹ ṣe, tí ẹ wá ṣe ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ẹ ti rúfin. Ta ló sì gbé ètò yìí kalẹ̀? Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba àkọ́kọ́, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀sìn sí. Òun ló ní àwọn ìsédò ńláńlá ni tẹ́ḿpìlì Íńdíà òde òní. Ọkùnrin tí kì í lọ sí tẹ́ḿpìlì ló ṣe òfin, ìyà òfin dé, wọ́n ní Híńdù ló fà á.

Ní ọdún 1991, omi dé ọrùn. Owó ilẹ̀ òkèèrè tó kù nínú àpò ìjọba kò tó ra ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n di wúrà tó tó tọ́ọ̀nù 47 sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti fi dúró fún gbèsè. Fún àwọn tó ń fi wúrà sin ọmọ wọn obìnrin lọ sílé ọkọ, ẹ fojú inú wo ìtìjú náà. P. V. Narasimha Rao, Híńdù látinú ìran àlùfáà, ni olórí ìjọba. Manmohan Singh, ẹlẹ́sìn Sikh, ni mínísítà ètò ìnáwó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n fagi lé láísẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ jù lọ ilé iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2003 sí 2008, ọrọ̀ ajé ọ̀hún ti ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn kò dín kù níbẹ̀. Ká kúkú sọ pé ó le sí i ni, torí àkókò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ tó ń fi ẹ̀sìn Híńdù ṣe òṣèlú gbérí. Bí ẹ bá wá ní ère ló fa ìdá 3.5, ẹ ó sọ fún mi ohun tó fa ìdá mẹ́jọ.

Tàbí kí ẹ gbé ìpínlẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Bihar, ní ìhà àríwá, Híńdù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Tamil Nadu, ní gúúsù, wọ́n sún mọ́ ìdá 88, tẹ́ḿpìlì ibẹ̀ sì tóbi débi pé ìlú kan lè wọ inú òmíràn nínú wọn. Bí ti yín bá jẹ́ òótọ́, Tamil Nadu ló yẹ kó tòṣì jù. Àmọ́ owó tó ń wọlé fún ẹnì kan lọ́dún ní Tamil Nadu ju ìlọ́po mẹ́rin ti Bihar lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ tí Yúróòpù ń wọ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ Bihar, ọwọ́ ìjọba ló ti wá. Láti ọdún 1952 di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ ń san owó ọkọ̀ lórí èédú àti irin, kí iye wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Bihar tó jókòó lórí èédú nígbà náà kò rí èrè kankan jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ gba etíkun lọ.

Apá kejì rèé, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà fún yín díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò dé ibẹ̀ nínú ìwàásù yín. Ẹ dúró ti ère, ẹ wá fo kásìtì dá.

Ètò kásìtì ti pín ènìyàn kó tó jáde nínú ìyá rẹ̀. Àlùfáà wà lókè, jagunjagun tẹ̀ lé e, oníṣòwò tẹ̀ lé ìyẹn, alágbàṣe wà nísàlẹ̀, lábẹ́ gbogbo wọn ni àwọn tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ baba ni iṣẹ́ ọmọ, inú ìran kan náà lẹ ó ti fẹ́yàwó. Wọ́n bí B. R. Ambedkar sínú ìran àwọn tí wọn kì í fọwọ́ kàn ní ọdún 1891. Ní ilé ẹ̀kọ́, orí àpò tó gbé wá láti ilé ló ń jókòó lé. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi; ìránṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò bá a ṣí i. Lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ náà kò bá wá, kò sí omi fún un títí wọn yóò fi jáde. Ọmọ yìí ló lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, tó tún gba òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà.

Ohun tí Ambedkar rí, tí Weber kò rí dáadáa, ni pé pípín iṣẹ́ yàtọ̀ sí pípín òṣìṣẹ́. Kò sí ìlú tí kì í pín iṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, aláró ń rẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ agbépòó bá ní ọpọlọ ìṣirò, tí wọ́n ní póò ni kó máa gbé títí ayé, ọrọ̀ ajé ti sọ onímọ̀ ẹ̀rọ kan nù. Bí ọmọ àlùfáà tí ìwé kò wọ̀ létí bá yá lọ́wọ́, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ di ọkọ́ mú, ó ti sọ àgbẹ̀ kan nù. Ẹ wá fi èyí lu mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì ka iye ọdún. Ìwé òfin ọdún 1950 fòpin sí àìfọwọ́kàn, òfin ọdún 1993 àti ti 2013 sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kó ìgbẹ́ mọ́, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wọ inú kòtò ìdọ̀tí kú sí i, ìran kan náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Nínú ogún ìgbéyàwó tí wọ́n bá so níbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ rí ju ẹyọ kan lọ tó kọjá ààlà kásìtì. Inú Ambedkar bàjẹ́ débi pé ó fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀ pátápátá ní Nagpur ní oṣù Kẹwàá ọdún 1956, ó di ẹlẹ́sìn Buddha, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì bá a lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ̀sìn Híńdù ṣẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ajé, ẹjọ́ tó ń jẹ́ ẹjọ́ nìyí.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn kan fi kásìtì yìí kan náà ṣe ní Tamil Nadu. Láyé àtijọ́, adẹ́mu ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nadar. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ tẹ́ḿpìlì, àwọn tó ju wọn lọ kì í fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ àwọn. Àwọn kan lára wọn sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò. Wọ́n dá àpò kan sílẹ̀: lórí ẹrù tí oníṣòwò wọn bá gbé wọ ọjà, yóò fi díẹ̀ sínú àpò náà. Owó yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì gba ọmọ ìran mìíràn sínú rẹ̀. Ní ọdún 1921, wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Thoothukudi. Báńkì náà wà títí dòní, ó kàn yí orúkọ padà ni. Inú wọn ni K. Kamaraj ti jáde, ẹni tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kékeré torí àìlówó. Nígbà tó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọdún 1954, ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó kọ́ ọ sí abúlé, ó sì ní kí wọ́n máa fún ọmọ tálákà lóúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé ọmọ tí ebi ń pa kò ní dúró ti síléètì. Bihar kò rí irú rẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ adẹ́mu yìí ló ṣàlàyé ìlọ́po mẹ́rin yẹn ju òrìṣà èyíkéyìí lọ.

Ẹ tún sọ pé ẹ̀sìn wọn kórìíra owó, pé àwọn aláàwẹ̀ tó fi eérú para ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bàbá, ẹ dákun. Nínú ohun mẹ́rin tí ẹ̀sìn náà ní kí ènìyàn lépa láyé, ọrọ̀ wà níbẹ̀. Bí àwọn baba wa ṣe ní Ajé ni wọ́n ní Lakshmi. Lálẹ́ ọdún Diwali, àwọn oníṣòwò Gujarat àti Marwari yóò gbé ìwé ìṣirò owó tuntun, aláwọ pupa, síwájú rẹ̀, wọn yóò kọ “ire” àti “èrè” sí ojú ewé àkọ́kọ́ kí wọ́n tó kọ gbèsè ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Láti ọdún 1957 ni ọjà ìpín ìdókòwò ní Bombay ti máa ń ṣí fún bíi wákàtí kan lọ́jọ́ ọdún yẹn kí wọ́n lè rà kí wọ́n tà fún oríire. Àwọn Híńdù láti Sindh náà ti ń ṣòwò ní Èkó kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ọdún 1923 ni Chellarams ti wà níbẹ̀. Bí owó bá jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, wọn kò tíì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ màlúù tí ẹ fi ń pa ìjọ lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni kò ti sí orílẹ̀-èdè tó ń fún wàrà tó Íńdíà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Anand, ní Gujarat, ní ọdún 1946, Verghese Kurien tó wá darí rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe Híńdù. Láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọn obìnrin abúlé á gbé ike wàrà wọn wá, wọ́n á tò sórí ìlà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò níṣojú wọn, wọ́n á sì sanwó fún wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń dúró níwájú, ìran yòówù kó ti wá, wọ́n á sì da wàrà gbogbo wọn pọ̀ sínú agolo ńlá kan. Ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni pé ní Uttar Pradesh láti ọdún 2017, tí ìjọba ti fọwọ́ líle mú òfin màlúù pípa, màlúù tó ti gbó kò ní olówó mọ́. Wọ́n ń já a sílẹ̀, ó ń jẹ oko, àgbẹ̀ wá ń sùn sóko lóru pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Òfin tí òṣèlú fi ẹ̀sìn ṣe ni, ó sì ń ná àgbẹ̀ lówó. Bí ẹ bá wàásù lórí ìyẹn, n kò ní jiyàn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ Áfíríkà, Mauritius wà níbẹ̀. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n kó wá láti Íńdíà láti ọdún 1834 wá gé ìrèké ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ jẹ́ ọmọ wọn. Ó sún mọ́ ìdajì wọn tó jẹ́ Híńdù, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí adágún mímọ́ wọn lọ́dọọdún láti bọ Shiva. Owó tó ń wọlé fún ẹnì kan níbẹ̀ lọ́dún ju dọ́là 10,000 lọ. Tiwa ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ òru wa?

Ó ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn lórí rédíò gan-an, torí ó kan ìjọ.

Tẹ́ḿpìlì Venkateswara wà lórí òkè kan ní Tirumala, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fárí níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti fi san ẹ̀jẹ́. Obìnrin tí irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn yóò bu omi sí i lórí, wọn yóò di irun náà ní ìdì kó má bàa tú, onígbàjámọ̀ yóò fi abẹ tuntun gbé e kúrò láti àtàrí, yóò sì sọ ọ́ sínú àpótí. Kò ní san kọ́bọ̀, tẹ́ḿpìlì náà kò sì ní fún un ní kọ́bọ̀. Wọn yóò ṣà á bí ó ṣe gùn tó, wọn yóò gbé e sí gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láwọn ọdún kan, irun nìkan ń mú ohun tó ju bílíọ̀nù kan rupee wọlé fún tẹ́ḿpìlì tí ètò ìṣúná rẹ̀ lọ́dún ti ju bílíọ̀nù 50 rupee lọ, tó ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, tó sì ń bọ́ àwọn tó bá wá jọ́sìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ra irun náà á fọ̀ ọ́, á rán an ní wíìgì, ó di gbogbo ayé.

Ní ọdún 2004, àwọn ràbì Júù kan ní ẹbọ òrìṣà ni irun yìí, pé àwọn obìnrin wọn kò gbọ́dọ̀ dé e mọ́. Ní Brooklyn, ní New York, wọ́n kó wíìgì olówó ńlá jáde sí títì, wọ́n dáná sun ún.

Human hair Íńdíà wà lórí àtẹ ní Balógun, ó sì wà lórí àwọn ìyá ìjọ tó ń jókòó síwájú yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ti tẹ́ḿpìlì wá o. Irun tí wọ́n ṣà jọ láti inú kóòmù wà nínú rẹ̀, tí ibòmíràn náà wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dán, tí kì í ta kókó, tí wọ́n ń sanwó gọbọi lé lórí, irun ẹ̀jẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ni kí wọ́n ṣe sí i: ṣé kí wọ́n sun ún ni, àbí kí wọ́n máa dé e lọ?

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé kan, ní Ìbàdàn.